Ọjọ́ mẹ́fà ní Àgbádárìgì: kóòlù-rúùmù Alhaja àti àríyànjiyàn họ́kì orí yìnyín

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kejì, 2025

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Alhaja, tó ń ta ẹja dídì, fi pè mí. "Bọ̀dá Fíríìjì, ẹja mi ti ń sunkún o." Alhaja kì í sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Bí omi bá ti ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn kóòlù-rúùmù rẹ̀ ní Àgbádárìgì, yàrá òtútù tó ń kó ẹja sí, ẹja ló ń sunkún yẹn. Mo kó àpò irinṣẹ́ mi, gééjì àti sílíńdà gáàsì kékeré kan, ó di Láfẹ́ńwá. Láti Abẹ́òkúta mo já sí Sàngó, láti Sàngó mo já sí Àtàn, láti Àtàn ó di Agbára. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Àtàn sí Agbára kò ní bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń rìn bí arúgbó nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì tó gbé wa ní Agbára ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ń wo fídíò lórí fóònù, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Mo yọjú wò ó. Òyìnbó méjì ló di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú lórí yìnyín, àwọn méjèèjì wọ bàtà onírin, wọ́n ń da ẹ̀ṣẹ́ bo ara wọn. Rẹfirí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo àgbò tó ń kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ìjà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án!"

Mo ní irọ́ ni. Ó tún un fi hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ń gbá họ́kì orí yìnyín, ní Montreal, ní òru mọ́jú òní tiwa. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn òǹwòran ti hó lé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń jáde láti Washington pé kí Kánádà wá di ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta, àti owó orí ọjà tí wọ́n fẹ́ gbé lé wọn lórí. Bí wọ́n ṣe fọn fèrè báyìí, Matthew Tkachuk ti Amẹ́ríkà ti wọ ìjà pẹ̀lú Brandon Hagel. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀, Brady, kọjú sí Sam Bennett. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, J.T. Miller àti Colton Parayko ló kàn. Ẹ̀gbọ́n jà tán, àbúrò gbà á! Ìyá tó bí àwọn yẹn á mọ̀ pé òun bímọ. Nígbà tí wọ́n wá rántí gbá pọ́ọ̀kì, rọ́bà róbótó tí wọ́n ń lò bíi bọ́ọ̀lù, Kánádà ló kọ́kọ́ jẹ, láti ọwọ́ Connor McDavid, àmọ́ Amẹ́ríkà padà nà wọ́n 3-1.

Mo fẹ́ ka iye ibi tí wọ́n ti máa dá wa dúró lójú ọ̀nà. Mo kà á dé mọ́kànlá, oorun gbé mi lọ.

Nígbà tí mo jí, ọmọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀. A bọ́ọ́lẹ̀ ní ibì kan náà, a gba ọ̀nà kan náà, a sì dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Àṣé òun ló ń fi àáké la páálí ẹja fún Alhaja! Òòdù ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kò ní sọ iye òòdù rẹ̀ fún ọ, títí kan òjò.

Ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti mọ̀. Mótò fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọ̀ǹdẹ́ńsà, àwọn páìpù tó ń tú ooru jáde, ló ti jóná. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀, gbóná débi pé nígbà tí mo fi ìka kàn án, mo pe orúkọ ìyá mi. Ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gbóná, á pa ara rẹ̀, á tutù, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo pa á pátápátá. Mo ní kí wọ́n ra áìsì búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n tò ó sáàárín páálí, kí wọ́n fi tapólì bò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ilẹ̀kùn láìnídìí.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo ti rò pé màá rí mótò fáànù rà nínú ìlú. N kò rí i. Ọ̀la ni mo máa lọ sí Àlàbà.

Ní aago méje alẹ́, fóònù Alhaja dún. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Winnipeg ni. Ọjọ́ ìsinmi ni lọ́dọ̀ wọn, Louis Riel Day ni wọ́n ń pè é, ọ̀sán gangan sì ni níbẹ̀. Ó ti kọjú fóònù rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n kí ìyá rẹ̀ lè wo Kánádà àti Finland pẹ̀lú rẹ̀. Alhaja gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí fírísà, gbogbo wa sì pagbo yí i ká: èmi, Òòdù, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá ra pánlá, àti Bàbá Ìbejì ọlọ́kadà, tó ní òun fẹ́ mí díẹ̀, tí kò sì lọ mọ́.

Mo ní láti la ọ̀rọ̀ ìdíje yìí yé wọn, nítorí Òòdù ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka nọ́ńbà lọ́tìrì. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré ni: Kánádà, Amẹ́ríkà, Sweden àti Finland. 4 Nations Face-Off ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbà mẹ́ta ni kálukú gbá a. Ẹni tó bá jẹ nínú àsìkò gba máàkì mẹ́ta, ẹni tó bá jẹ lẹ́yìn àfikún àsìkò gba méjì, ẹni tó pàdánù lẹ́yìn àfikún àsìkò gba ẹyọ kan. Amẹ́ríkà ti wọ àṣekágbá láti òru Sátidé. Kánádà ni kò tíì dá lójú.

Ohun tó ya Bàbá Ìbejì lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Àwọn márùn-ún àti aṣọ́lé kan ló ń wà lórí yìnyín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pé ìṣẹ́jú kan kó tó sáré fo ògiri padà, tí ẹlòmíràn á fò wọlé. "Ó ti rẹ̀ wọ́n? Ní ìṣẹ́jú kan?" Mo ní kó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sá eré tó pọ̀ jù fún ìṣẹ́jú kan láì simi, kí ènìyàn mìíràn sì máa kọlu ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbà náà ni yóò mọ̀.

Kánádà ti jẹ mẹ́rin sí òdo. Gbogbo wa ti ń yáwọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Finland bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí òpin. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà. Ìgbà yẹn ni aṣọ́lé Finland fi ilé sílẹ̀ tó sì sáré lọ jókòó.

"Kí ló ṣe? Ó ṣẹ́sẹ̀ ni?" Bàbá Ìbejì béèrè.

Òòdù ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni, kí wọ́n lè fi ẹni kẹfà kún iwájú. Tí ẹni tó ń pàdánù bá rí i pé àsìkò ti fẹ́ tán, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi ilé sílẹ̀ láì tì, ẹ wá lọ sí òde ìjà?" Tíṣà mirí.

Sidney Crosby, ọ̀gágun ẹgbẹ́ Kánádà, gbá a wọ ilé òfìfo yẹn. 5-3. Alhaja jó.

Láti ìgbà yẹn ni a ti pín sí méjì. Alhaja ní kò sí nǹkan tí òun fẹ́ gbọ́, ìlú tó ń bọ́ ọmọ òun ni òun wà fún. Òòdù ní, "Alhaja, ẹ̀yin ń gbè sẹ́yìn ọmọ yín. Èmi ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà nà wọ́n ní ilé wọn ní Sátidé, 3-1, wọ́n tún na Finland yìí náà 6-1. Boston ni àṣekágbá, ilé Amẹ́ríkà. Kí ló kù?" Ohùn jáde láti inú fóònù, láti Winnipeg: "Makar kò sí níbẹ̀ ní Sátidé! Ara rẹ̀ kò yá! Ẹ sọ fún un!" Cale Makar ló ń gbé pọ́ọ̀kì jáde láti ẹ̀yìn Kánádà. Ó ti padà lónìí, gbogbo wa sì rí bó ṣe ń yọ́ láàárín àwọn ènìyàn bí ẹja àrọ̀.

Wọ́n bi mí pé ibo ni mo wà. Mo ní oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni mí, ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ jóná ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Nínú họ́kì, aṣọ́lé nìyẹn. Connor Hellebuyck ti Amẹ́ríkà ti gba ife Vezina lẹ́ẹ̀mejì, ní 2020 àti 2024, ife tí wọ́n ń fún aṣọ́lé tó dára jù nínú NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Kánádà àti Amẹ́ríkà. Jordan Binnington ti Kánádà gba ife líìgì pẹ̀lú St. Louis ní 2019, òótọ́ ni, àmọ́ láti ìgbà yẹn àwọn ará Kánádà fúnra wọn ń kùn pé ṣé kò sí ẹlòmíràn ni. Mo ní Amẹ́ríkà ni mo wà fún, nítorí ẹnu ọ̀nà wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò wa mà ni Hellebuyck!" ọmọ Alhaja pariwo. "Winnipeg níbí ló ń gbá fún!"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Aṣọ́lé Amẹ́ríkà, ìlú Kánádà ló ti ń gba owó oṣù. Aṣọ́lé Kánádà, ìlú Amẹ́ríkà. Auston Matthews, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, Toronto ló ń gbá fún. Alhaja dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún àwọn ọmọ mi náà kọ́ ni ẹ ní kí n máa ṣépè fún yìí?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Àlàbà. Mo kúrò níbí ní aago márùn-ún àárọ̀, mo padà dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Títì ni gbogbo rẹ̀. Mo rí mótò tó bá àyè rẹ̀ mu, wọ́ọ̀tì rẹ̀ pé, iye owó rẹ̀ dùn mí.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ pé Sweden na Amẹ́ríkà 2-1 lóru. Nígbà tí mo dé, Alhaja ti ń fi kọrin bú Òòdù. Òòdù ní eré tí kò ní ìtumọ̀ ni, wọ́n ti wọ àṣekágbá, wọ́n tilẹ̀ jẹ́ kí díẹ̀ lára àwọn àgbà wọn sinmi. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ru ẹrù, o kò lè fi ohùn rẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣe tí wọ́n bá dẹrù lé e.

Mo fi iná tọ́ọ̀ṣì so mótò náà. Mo tan án. Ó yí, ó sì ń yí dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí atẹ́gùn ti máa jáde, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Mo gbé ìwé lé e, ìwé lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti ra èyí tó ń yí sí òsì dípò ọ̀tún! A kọ ọ́ sára rẹ̀, àmì kékeré pẹ̀lú ọfà, mo sì gbé e sójú ní Àlàbà n kò wò ó. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mo pa á, mo ní mótò náà dára, ó kù díẹ̀ kí n ṣe é tán ní àárọ̀, mo lọ sùn.

Ọjọ́rú, 19

Mo jí ṣáájú gbogbo wọn, mo tú ìdí mótò náà, mo pààrọ̀ orí wáyà méjì níbi tó ń gbà bẹ̀rẹ̀, ó sì yí sí ibi tí mo fẹ́. Aago méje, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ láì kọ́sẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí lẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Mo ní láti dúró kí kóòlù-rúùmù tutù dé ìsàlẹ̀ òdo méjìdínlógún, kí n sì rí i pé ó dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nítorí náà nígbà tí Tíṣà ní kí n bá òun rìn jáde, ẹsẹ̀ ń wù mí.

"Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé ọmọ wa ti gba wúrà nínú eré yẹn?"

Mo ní ọmọ wa wo.

"Igínlá."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó dúró lójú títì, ó gbé agbòòrùn rẹ̀ tilẹ̀, ó sì pe orúkọ náà bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ nínú kíláàsì: Jarome Igínlá. Edmonton ni wọ́n bí i sí, ní 1977. Bàbá rẹ̀ lọ láti ilẹ̀ wa. Adékúnlé ni bàbá náà ń jẹ́, nígbà tó dé Kánádà ló sọ ara rẹ̀ di Elvis. Nígbà tó bímọ, ó tún fi Adékúnlé sáàárín orúkọ ọmọ náà.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Elvis Igínlá! Bàbá tó bọ́ orúkọ sílẹ̀ ní etí òkun, tó wá ń fi ọgbọ́n kó o padà wọlé.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí. Ní Salt Lake City, 2002, ó ti pé àádọ́ta ọdún tí Kánádà ti gba wúrà họ́kì ọkùnrin kẹ́yìn nínú Òlíńpíìkì. Amẹ́ríkà ni wọ́n bá pàdé. Kánádà nà wọ́n 5-2, Igínlá sì jẹ méjì nínú márùn-ún náà. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

A ti dé ibi Àgíà nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Àgbádárìgì, ẹ mọ ibẹ̀: àmì ìrántí igi ńlá tí Freeman àti Townsend ti wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, èyí tí wọ́n ń pè ní ìwàásù Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Igi náà fúnra rẹ̀ ti wó ní 1959. Yanrìn ló kù nílẹ̀ níwájú ibẹ̀, Tíṣà sì fi ẹnu agbòòrùn rẹ̀ fa ilà onígun mẹ́rin gígùn kan sórí rẹ̀. Ó fa ilé sí orí kan, ó mú ekùrọ́ kan nílẹ̀, ó ní pọ́ọ̀kì nìyẹn.

"Vancouver, 28 oṣù kejì, 2010. Àṣekágbá. Kánádà àti Amẹ́ríkà, 2-2, àfikún àsìkò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ló ni ín." Ó fi ìdí agbòòrùn ti ekùrọ́ náà lọ sí igun. "Igínlá wà níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ará Amẹ́ríkà kan gùn ún lẹ́yìn. Crosby ń sáré bọ̀ níbí. Crosby pariwo, Iggy! Iggy! Ìyẹn ni ìnagijẹ tí wọ́n fún un, wọ́n gé e láti ara Igínlá. Bọ̀dá, kò ráyè wòkè. Ohùn ló gbọ́. Ó ti ń ṣubú lọ nígbà tó ti pọ́ọ̀kì náà sí i." Ekùrọ́ yí lórí yanrìn, ó dúró. Tíṣà fi ẹnu bàtà rẹ̀ gbá a wọlé. "Bó ṣe wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn nínú àwòrán á rí Igínlá nílẹ̀."

Ó ń wo ilà tó fà sílẹ̀. Ó ní, "Igi ńlá náà ti wó kó tó ju èso."

Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ti ń wò wá tipẹ́. Ó béèrè bóyá ilẹ̀ la fẹ́ wọ̀n.

Lálẹ́, Tíṣà kó gbogbo rẹ̀ lé Òòdù lórí. Òòdù náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ti wá tirẹ̀. Ó ní Igínlá ti fẹ̀yìn tì láti 2018. Ó ní Crosby tó gbọ́ ti pé ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ó ní 1980, ní Lake Placid, àwọn ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà na Soviet 4-3 nígbà tí gbogbo ayé ti ní kí wọ́n má wulẹ̀ jáde. Tíṣà ní Soviet ni wọ́n nà, kì í ṣe Kánádà. Òòdù ní ó dáa, 1996, ife àgbáyé họ́kì, Amẹ́ríkà na Kánádà, ní Montreal. Tíṣà wò ó. "Ọdún mélòó nìyẹn sí òní?"

Òòdù fi ìka kà á. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára díẹ̀ tèmi náà. Láti 1996 títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn ní 2025, gbogbo ìgbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú NHL bá péjọ fún orílẹ̀-èdè wọn, Amẹ́ríkà kò tíì gba ipò kìíní.

Ọjọ́bọ̀, 20

Kóòlù-rúùmù dúró. Mo lè máa lọ ilé. Mo ní kí n dúró di ọ̀la nítorí ẹ̀rọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn oníbàárà gan-an ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó wá ra kòtè kílò méjì á béèrè pé ta ló máa jẹ ẹ́ lóru òní. Ìyá kan tó ń ta ọ̀jọ̀jọ̀ ní Amẹ́ríkà ni, nítorí "ta ló lè na Amẹ́ríkà?" Òun ló sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò. Nínú họ́kì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, Kánádà ni àgbà níbẹ̀, eré wọn ni, bí ayò ṣe jẹ́ tiwa. Òòdù sì ní àwọn oníbẹ́tì fúnra wọn kò mọ ẹni tí wọ́n máa fojú sí, owó tí wọ́n ń san lórí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Charlie McAvoy, ọ̀kan nínú òpó ẹ̀yìn Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ pé Boston gan-an ló ń gbá fún, ti farapa, kò ní gbá a. Mo gbọ́ ìyẹn, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Bàbá Ìbejì ló wá béèrè ìbéèrè tó dára jù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń mú kí ilẹ̀ pápá ńlá di yìnyín láàárín ilé? Mo ti ń retí kí ẹnikẹ́ni bi mí! Mo mú un lọ sẹ́yìn, mo fi páìpù kóòlù-rúùmù hàn án. Mo ní irú ẹ̀rọ yìí náà ni, ó kàn tóbi bí ilé. Dípò kí ó fẹ́ òtútù sínú yàrá, ó ń mú omi iyọ̀ tutù ju òdo lọ, omi iyọ̀ yẹn ń sáré kiri nínú páìpù tí wọ́n tò sábẹ́ kọnkéré. Wọ́n á máa fín omi lé kọnkéré lórí díẹ̀díẹ̀, tó bá dì, wọ́n á tún fín òmíràn. Gbogbo rẹ̀ kò nípọn ju ìwọ̀n ìṣù ọṣẹ kan lọ. Ní Boston, wọ́n tilẹ̀ máa ń to pákó lé yìnyín yẹn lórí kí wọ́n lè gbá básíkẹ́tì níbẹ̀. Tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ irin bá sì ti fọ́ ojú yìnyín, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tún un ṣe.

"Omi gbígbóná? Lórí áìsì?" Alhaja gbọ́ láti iwájú. "Bọ̀dá, ẹ má pa irọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

Mo fi hàn wọ́n. Mo gbé áìsì búlọ́ọ̀kù kan tó ti yánná sórí tábìlì, mo da omi gbígbóná díẹ̀ lé ojú rẹ̀, mo tì í padà sínú fírísà. Kí ó tó dì, mo gé ìdí bàtà rọ́bà Òòdù tó ti já (ó fọwọ́ sí i) sí róbótó méjì, fífẹ̀ rẹ̀ bí ìdérí agolo mílíìkì. Ọ̀kan wọ fírísà, ọ̀kan dúró nínú oòrùn. Lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́ta, mo gbé áìsì náà jáde. Ojú rẹ̀ ń dán bí abọ́ táńganran. Mo ti èyí tó wà nínú oòrùn, ó ta, ó fò, ó bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá Ìbejì. Mo ti èyí tó dì. Ó yọ́ lọ pẹrẹsẹ láti orí kan dé èkejì, kò gbé ara sókè rárá.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó pọ́ọ̀kì sínú fírísà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tó gbóná á máa ta. Gbogbo wọn dákẹ́, kálukú fẹ́ tì í lẹ́ẹ̀kan. A lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ìdí bàtà. Alhaja tì í lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Òòdù dá a lábàá pé kí a dáwó. Alhaja ní tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù òun, haramu ni. Mo ní ó dáa, bí Kánádà bá jẹ, gáàsì tí mo fi kún ẹ̀rọ yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ó ronú. Ó ní ìyẹn kì í ṣe tẹ́tẹ́, ìyẹn jẹ́ sàárà.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Aago méjì òru. Iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Alhaja ní òun máa ń jí fún tahajúdì tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ní họ́kì ló jí òun. Ọmọ rẹ̀ ti kọjú fóònù sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀fọn ń jẹ wá bí ẹni ránṣẹ́ pè wọ́n.

Nathan MacKinnon jẹ fún Kánádà kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Brady Tkachuk dá a padà. Ní ìdá kejì nínú mẹ́ta, Jake Sanderson jẹ fún Amẹ́ríkà, Òòdù jáde lọ sáré ká ilé. Sam Bennett, ọmọ tó jà ní Sátidé yẹn, dá a padà fún Kánádà. 2-2. Kò sí ìjà rárá. Bàbá Ìbejì tó torí ìjà wá dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó ń hanrun.

Ìdá kẹta, òfìfo. Àfikún àsìkò, bíi ti Vancouver. Tíṣà kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó di agbòòrùn rẹ̀ mú.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa Binnington. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọmọ náà láti ọjọ́ Ajé, mo gbé e mì. Amẹ́ríkà wá bá a nínú àfikún àsìkò yẹn bí ẹni wá gba gbèsè. Matthews nìkan wá bá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Binnington sì dí i lọ́nà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló mú lóru yẹn. Mo ń wò ó, mo ń rò ó lọ́kàn pé, Bọ̀dá Fíríìjì, ẹnu ọ̀nà lo wò lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ọ̀nà èkejì lo kò wò.

Ìgbà yẹn ni àwòrán dúró. Ojú Binnington, lábẹ́ ìbòjú, ló dúró gbagidi lórí fóònù. A ń gbọ́ ohùn, kò sí àwòrán. Alhaja ń fi ìka lu fóònù. Lẹ́yìn náà igbe kan ta láti Winnipeg, àwọn aládùúgbò ọmọ náà pẹ̀lú rẹ̀, igbe tí kò ṣeé mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ọ̀fọ̀.

"Ta ló jẹ ẹ́? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló jẹ ẹ́?"

Igbe.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

"McDavid, Mọ́mì! McDavid! Marner ló fún un!"

Tíṣà jókòó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ nínú àfikún àsìkò, 3-2. Pẹ̀lú 3-2 nínú àfikún àsìkò ni 2010 náà parí. Òòdù ní kò sí òfin tó ní kí ìtàn máa tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì lọ sùn láì kí ẹnikẹ́ni.

Lówùúrọ̀, Alhaja ṣí ìwé rẹ̀. Ó ka owó iṣẹ́, ó ka owó mótò, ó ka owó ọkọ̀ Àlàbà. Nígbà tó dé orí gáàsì, ó fa ilà gbọọrọ lé e, ó kọ "sàárà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yí ìwé náà kọjú sí mi kí n lè kà á. Ó wá ní kí Òòdù di kòtè kílò márùn-ún fún ìyàwó mi.

Òòdù gbé ẹrù mi dé gáréèjì. Ojú rẹ̀ wú. Bí bọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ gbéra, ó fi orí bọ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, Òlíńpíìkì, Milan. Àwọn ọmọ NHL á wà níbẹ̀. Ẹ ó wá?"

Mo ní tí ẹ̀rọ Alhaja bá bàjẹ́ ni.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Tí mo bá yí wáyà méjì yẹn padà ńkọ́?"